Ariwo abẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi orin bò mọ́lẹ̀

Àwọn àgbà ló sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ariwo ló bí ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ariwo ẹnu o. Ariwo abẹ́ ọkọ̀ ni.

Ẹjọ́ ọkọ̀ ti wá pọ̀ jù nílé ìpàdé wa. Bí a bá parí ti òní, òmíràn yóò tún dé lọ́la. Èyí tó dùn wá jù nínú wọn ni ti àwọn ọmọ ìlú kan náà méjì. Ọ̀kan ló ni ọkọ̀, èkejì ló ń wà á, tó sì ń dá owó padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣáàfù ọkọ̀ náà bàjẹ́, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kò pé oṣù méjì, ó tún bàjẹ́. Ọlọ́kọ̀ ní awakọ̀ ń wà á ní ìwàkuwà, awakọ̀ ní páńda ni ọlọ́kọ̀ ń rà fún òun. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá kí àwọn ìyàwó wọn tó gbé ọ̀rọ̀ wá bá wa. A ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè níwájú gbogbo wa. Kí ni ká rí? Méjì nínú ẹ́ńjìnnì síìtì rẹ̀ ti ya pátápátá, ẹ́ńjìnnì kàn ń jó káàkiri lórí irin ni, òun ló sì ń fa ṣáàfù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Rọ́bà tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ló fẹ́ tú ìdílé méjì ká.

Ìdí nìyí tí a fi ní ká sọ ọ̀rọ̀ yìí síta, torí ọ̀pọ̀ wa ló wà nínú ọkọ̀ kan náà.

*Ọkọ̀ àgbà ló kù sí wa lọ́wọ́*

Ẹ̀yin náà mọ bí ayé ṣe rí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde lọ́jọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí náírà náà sì já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti di ohun tí tálákà ń wò látòkèèrè. Ẹni tó ní Camry àtijọ́, Corolla, Golf, tàbí Honda tí àwọn èèyàn sọ ní “End of Discussion”, òun ló ń tún un ṣe. Àwọn kan ṣì wà tí wọn kò tíì jọ̀wọ́ Peugeot 504, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í tò láti ọdún 1975. A kò bú wọn. Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí. Ọkọ̀ tó ti lo ogún ọdún lè gbé èèyàn lọ gbé e bọ̀ láyọ̀, àmọ́ ó ní àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ lára rẹ̀ kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn máa ń rántí ọ́ìlì, táyà àti bíréèkì. Rọ́bà ni wọn kì í rántí.

*Òṣùká ni*

Ẹni tó bá ti ru ẹrù rí mọ iṣẹ́ òṣùká. Bí igi bá wúwo, tí a gbé e lé orí láìsí òṣùká, orí yóò máa dun èèyàn, ọrùn yóò máa ro ó, ẹrù náà kò sì ní í dúró jẹ́ẹ́. Ohun tí ẹ́ńjìnnì síìtì ń ṣe gan-an nìyẹn. Irin wà lókè rẹ̀, irin wà nísàlẹ̀ rẹ̀, rọ́bà wà láàárín. Ó ń gbé ẹ́ńjìnnì ró, ó sì ń gba ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ mọ́ra kó má baà dé ara ọkọ̀. Búṣì náà, ẹ̀gbọ́n òun àbúrò ni wọ́n. Rọ́bà róbótó ni, irin kan yí i po, irin mìíràn gba àárín rẹ̀ kọjá. Ibi tí apá táyà ti so mọ́ ara ọkọ̀ ló wà, bí ẹran líle tó wà láàárín egungun orúnkún wa. Bó bá jẹ tán, egungun yóò máa ha egungun.

Ìgbà kan wà tí ọkọ̀ kò ní òṣùká tó dáa. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń dè mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀ gírígírí, tí gbogbo ara ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ní ọdún 1931 ni ilé iṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Plymouth wọn lé orí rọ́bà, wọ́n pe ètò náà ní “Floating Power”, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì ń léfòó. Ọlọ́kọ̀ rí i pé ẹ́ńjìnnì onípísítìnnì mẹ́rin lè rọ̀ bí èyí tó tóbi jù ú lọ. Àwọn yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀.

Rọ́bà náà kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún 1895, rọ́bà tí wọ́n kó láti èbúté Èkó lọ sí òkè òkun ju mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn ìwọ̀n lọ, inú igbó ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n sì ti ń kọ igi rẹ̀ nílà. Wọ́n kọ ọ́ títí igi fi ń kú. Títí dòní, ilé ìwádìí rọ́bà ti Nàìjíríà ṣì wà ní Iyanomo, lẹ́bàá ìlú Benin, lọ́nà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà lọ sílé. Ṣùgbọ́n rọ́bà ní àbùkù tó yẹ ká mọ̀. Oòrùn àti ooru ń mú un le, ó sì ń sán. Ọ́ìlì àti epo ń mú un wú, ó ń mú un rọ̀ bí ẹ̀kọ tó kan, lẹ́yìn náà yóò ya.

*Kí ló dé tí ti Port Harcourt fi yá bẹ́ẹ̀?*

Ẹ wo ibi tí à ń gbé. Òjò tó ń rọ̀ níbí lọ́dún ju 2,000 mìlímítà lọ. Bí omi bá ti kún títì, kòtò kò ṣeé dá mọ̀ mọ́, àfi kí táyà já sínú rẹ̀ gbì. Títì East-West tó kọjá lágbègbè wa, ọdún 2006 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe, ẹni tó bá sì ń ná ìhà Eleme sí Onne láàárín ọdún wọ̀nyẹn kò nílò kí a sọ ohun tí tírélà àti tánkà fi ojú rẹ̀ rí. Gbogbo kòtò tí táyà bọ́ sí, búṣì ló kọ́kọ́ gbà á. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ẹ́ńjìnnì yóò máa gbóná, atẹ́gùn kò sì ní í fẹ́ sí i, rọ́bà yóò máa yan bí iṣu.

Èyí tí a ń fi ọwọ́ ara wa fà ni ti àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀. Kí ẹ́ńjìnnì lè máa dán, wọn yóò da kẹrosíìnì tàbí dísù sí i lórí. Ẹ̀yin ará, oró ni ẹ ń fún rọ́bà mu. Bí wọ́n bá sì lo pẹtiróòlù, iná lẹ̀ ń pè. Omi àti ọṣẹ tó, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, kí wọ́n sì fi ọ̀rá bo ibi tí wáyà wà. Bákan náà, bí ọ́ìlì bá ń jò láti orí ẹ́ńjìnnì wá sórí síìtì, ẹ dí ibi tó ń jò ná. Ẹni tó fi síìtì tuntun sábẹ́ ọ́ìlì tó ń kán, owó rẹ̀ ló jù sódò.

*Bí a ṣe ń dá a mọ̀*

Bí ẹ bá dúró níbi iná ojú pópó, tí jíà wà ní D, tí éésì ń ṣiṣẹ́, tí sitiárín àti jókòó wá ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n tí ìgbọ̀n náà dín kù nígbà tí ẹ dá jíà sí N, ẹ fura sí ẹ́ńjìnnì síìtì. Bí ẹ bá ti R bọ́ sí D, tó sì dún gbì lábẹ́ ọkọ̀, òun náà nìyẹn. Ti búṣì yàtọ̀. Orí kòtò àti gálọ́ọ̀pù ni tirẹ̀ ti ń dún. Ọkọ̀ á máa yà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹ bá tẹ bíréèkì, sitiárín kò ní í dúró sójú kan, inú táyà yóò sì máa jẹ ju òde lọ.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba owó. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kó tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí, kó sì fa ti ọwọ́ pẹ̀lú. Kó fi jíà sí D, kó fún un níná díẹ̀, kó tún ṣe é ní R. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹni tó ń wò dúró sí o, ẹ jọ̀ọ́, kó má ṣe dúró níwájú tàbí lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì yóò mì díẹ̀, ìyẹn kò burú. Bó bá wá fò sókè bí ẹni tí ẹ̀rù bà, síìtì ti lọ. Ẹ tún tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ara rẹ̀. Òmíràn wà tí omi wà nínú rẹ̀ tí wọ́n dì mọ́ rọ́bà. Bí ẹ bá rí ibi tó ti jò dúdú sílẹ̀, omi inú rẹ̀ ti tán nìyẹn, bí rọ́bà kò tilẹ̀ ya.

Ẹ má sì kánjú o. Kì í ṣe gbogbo ìgbọ̀nrìrì ló jẹ́ ti síìtì. Púlọ́ọ̀gì tó ti kú, kọ́ìlì tó ń jó àjórẹ̀yìn, tàbí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì tó ti dọ̀tí, gbogbo wọn ló ń mú kí ọkọ̀ gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó náwó. Mẹkáníìkì tó kàn ń pààrọ̀ nǹkan títí tó fi bá a, àpò ẹlòmíràn ló fi ń kọ́ṣẹ́.

*Ọjà Ikoku àti ohun tí à ń rà*

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀yà ara ọkọ̀, Ikoku ni gbogbo wa ń lọ. Ẹ mú èyí tí wọ́n tú dání, kí ẹ sì mọ ọdún ọkọ̀ yín àti irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì kí síìtì wọn má bára mu. Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù bíi mẹ́ta kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi ọmọlúàbí bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀. Àwa àlejò ni ẹnu wa gbọ́dọ̀ dùn jù.

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ óò bá níbẹ̀: tuntun ojúlówó, tuntun àfarawé, àti tòkunbọ̀ tí àwọn ará ibí ń pè ní “Belgium”. Ojúlówó ló dára jù bí agbára bá ká a. Nínú tòkunbọ̀, ẹ rántí pé rọ́bà náà ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lára ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bó bá le bí igi, tàbí tó ní ìlà sísán yíká, ẹ fi sílẹ̀. Àfarawé tó rọ̀ jù náà kì í pẹ́.

A tún mọ̀ pé àwọn mẹkáníìkì kan máa ń gé táyà ògbólógbòó, wọn á ki í sínú síìtì tó ti ya. Bí òru bá dé báni lójú ọ̀nà, ó lè gbéni délé. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di àtúnṣe. Táyà le ju rọ́bà síìtì lọ, ó ní wáyà àti okùn nínú, gbogbo ìgbọ̀nrìrì ni yóò máa gbé wọ inú ọkọ̀. Irú èyí náà ni ti ẹni tó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ onírin kí ó gbẹ́ búṣì fún òun láti ara ohun líle. Ariwo lè dá, àmọ́ irin tó so mọ́ ọn ni yóò máa jìyà.

*Iṣẹ́ náà gan-an*

A kò ní kí ẹ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni wọn kì í rẹ́ jẹ.

Àkọ́kọ́, ilẹ̀ tó tẹ́jú. Kí wọ́n fi òkúta há táyà, kí wọ́n sì gbé ọkọ̀ lé orí irin ìdúró. Jáàkì nìkan kò tó. Búlọ́ọ̀kù ilé kò sì ṣeé gbára lé rárá, torí ó lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìkìlọ̀. Ẹ̀mí ọmọ èèyàn ló wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn, ọmọ kíkọ́ṣẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń rán wọlé. Bí ọlọ́kọ̀ bá rí i pé jáàkì nìkan ni wọ́n lò, kó dá iṣẹ́ dúró.

Èkejì, kí wọ́n tó tú síìtì, ohun kan gbọ́dọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì dúró. Bó bá jẹ́ jáàkì ni wọ́n fẹ́ fi tì í láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi pákó fẹ̀ẹ̀rẹ̀ sáàárín, kó má baà lu àpótí ọ́ìlì. Kí wọ́n máa tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó ń fi táyà iwájú fa ara rẹ̀ sábà máa ń ní síìtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ti jíà sì wà nínú wọn. Bí ọ̀kan bá ya, ẹrù rẹ̀ bọ́ sọ́rùn àwọn yòókù. Nítorí náà, kí wọ́n yẹ gbogbo wọn wò. Bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí tó ya jù, kí ẹ sì tètè padà wá ṣe ìyókù. Nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà, kí wọ́n ki gbogbo bóòtì sí i ní ọwọ́ dẹ̀ẹ̀rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì jókòó síbi tó bá a lára mu, kí wọ́n tó wá fún wọn le.

Ẹ̀kẹta, búṣì. Ẹ̀rọ tó ń tẹ irin jáde ló yẹ kí wọ́n fi yọ ọ́. Òòlù lè tẹ apá táyà wọ́. Àwọn tó ń fi iná sun ún jáde, èéfín rọ́bà yẹn kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ìlú tó ti mí èédú dúdú fún ọdún púpọ̀ kò sì nílò òmíràn. Kí wọ́n sàmì sí bí ti àtijọ́ ṣe dojú kọ, torí búṣì mìíràn ní ihò lápá kan, kò gbọ́dọ̀ yí. Bó bá há, omi ọṣẹ ni kí wọ́n fi pa á, kì í ṣe gírísì. Ẹ ti mọ ohun tí epo ń ṣe fún rọ́bà.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣe, òun ló sì ń mú kí búṣì tuntun bàjẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wà lókè, apá táyà fì sílẹ̀. Bí wọ́n bá fún bóòtì búṣì le níbẹ̀, tí wọ́n wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, apá náà yóò gòkè, rọ́bà tí irin ti dì mú yóò sì lọ́ bí aṣọ tí alágbàfọ̀ ń fún. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà lọ́sàn-án lóru títí yóò fi ya. Ohun tó tọ́ ni pé kí ìwọ̀n ọkọ̀ kọ́kọ́ jókòó sórí táyà, tàbí kí wọ́n fi jáàkì gbé apá náà dé ibi tó máa ń wà bí ọkọ̀ bá dúró nílẹ̀, kí wọ́n tó fún bóòtì náà le dé òpin. Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí, ẹ bá wa sọ ọ́ fún mẹkáníìkì yín. Yóò fi owó pamọ́ fún yín.

Bí wọ́n bá parí, ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún aláímẹ́ǹtì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n tún yẹ àwọn bóòtì wò. Èyí tí ìpẹtà bá sì ti jẹ, pípààrọ̀ ló yẹ ẹ́.

*Ti ọlọ́kọ̀ àti awakọ̀*

A fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ ìjà. Àdéhùn wa láàárín ara wa ní Rumuodara ni pé kí ọlọ́kọ̀ àti awakọ̀ jọ yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi kọ́kọ́rọ́ lé ara wọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé. Ohun tó ti gbó kí awakọ̀ tó gba ọkọ̀, ti ọlọ́kọ̀ ni. Ohun tí awakọ̀ gbọ́ ariwo rẹ̀ tí kò sọ, tó fi wá ba ẹlòmíràn jẹ́, ó ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Kí ọlọ́kọ̀ náà má sì sọ fún ẹni tó mú ẹjọ́ ariwo wá pé ọ̀lẹ ni. Síìtì tó ya kì í dá kú. Yóò mú ṣáàfù, họ́ọ̀sì radiétọ̀, wáyà àti páìpù èéfín mọ́ra. Owó síìtì kan kì í tó ìdá gbogbo ìyẹn.

Èyí tó tóbi ju owó lọ ni ẹ̀mí. Bí ọdún bá ń parí, ọ̀pọ̀ wa ló ń gba Patani, Warri, Benin àti Ọ̀rẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti ẹrù. Búṣì tó ti jẹ tán ń ba ìdarí ọkọ̀ jẹ́, ibi eré sísá ni yóò sì ti fi hàn, nígbà tí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ fún kòtò tàbí fún tírélà. Láti ọdún 1988 tí wọ́n ti dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wa. Wọn kò lè wọ abẹ́ ọkọ̀ gbogbo wa. Ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ dára fún títì, orí bébà ló wà. Rọ́bà kò mọ̀wé.

Àwọn ará Ikwerre tó gbà wá lálejò ní “Rumu” nínú orúkọ ìlú wọn, tó túmọ̀ sí ọmọ tàbí ìdílé ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó. Ìdílé kan ni àwa náà níbí. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ ariwo lábẹ́ ọkọ̀ ará ilé rẹ̀, kó má kàn rẹ́rìn-ín, kó sọ fún un. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dún kó má kàn gbé rédíò sókè kó má baà gbọ́ ọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò lọ sílé, kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sókè wò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó fẹ́ gbéra. A ò ní í fi ẹsẹ̀ gbé e. Àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á sunwọ̀n.